Ìkòkò Amọ̀ Ló Kọ́kọ́ Dá Ọgbà Bomi Rin

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ohun tí yóò máa dá bomi rin ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lónìí, wáyà, bátìrì, pọ́ǹpù kékeré àti kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ìtàn tí a sì máa ń sọ fún ara wa nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ tààrà: láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń pọn omi sí ọgbà, páìpù dé, aago tẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà wá dé láti parí iṣẹ́. Ìtàn yìí dùn gbọ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, nítorí irinṣẹ́ nìkan ló ń kà. Gbígbé omi láti ibì kan dé ibì kejì kọ́ ló le jù nínú ìbomirin. Mímọ ìgbà tó yẹ kí omi wọlẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dúró ló le. Bí a bá gbé ìbéèrè yìí ka iwájú ìtàn, pé ta ló ń pinnu, ṣé ènìyàn ni, ṣé aago ni, àbí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, a ó rí i pé ìkòkò amọ̀ lásán ti fi ìpinnu lé ilẹ̀ lọ́wọ́ láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba ìpinnu náà kúrò lọ́wọ́ ilẹ̀, wọ́n sì wá ń ná owó gọbọi báyìí láti dá a padà fún un.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ẹ̀rí tó dájú ti wá. Ní ayé Ọba Cheng ti ìdílé Han, ẹni tó jọba láti ọdún 33 sí ọdún 7 ṣáájú ìbí Kristi, ìjòyè kan wà tó ń jẹ́ Fan Shengzhi, tó kọ ìwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìwé náà ti sọnù, ṣùgbọ́n Jia Sixie, tó kọ ìwé àgbẹ̀ tirẹ̀, Qimin Yaoshu, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà lẹ́yìn ìbí Kristi, kó ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Fan sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìlànà bàrà gbígbìn wà. Fan ní kí àgbẹ̀ gbẹ́ kòtò 24 sórí ilẹ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní mu kan, kí fífẹ̀ kòtò kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà, kó má sì jìn ju nǹkan bí 12 sẹ̀ǹtímítà lọ. Kó po ajílẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Kó wá ri ìkòkò amọ̀ tó ń gba omi bíi lítà mẹ́fà mọ́ àárín kòtò náà títí ẹnu ìkòkò yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba, kó pọn omi kún un, kó gbin hóró bàrà mẹ́rin yí i ká, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì fi amọ̀ sísun pẹlẹbẹ dé e lórí. Bí omi bá fà, kó bù sí i, kí ìkòkò máa wà ní kíkún nígbà gbogbo. Kò parí síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbin àlùbọ́sà eléwé mẹ́wàá yí ìkòkò ká, kí wọ́n sì fà á tu tà ní oṣù karùn-ún tí bàrà bá ń gbó. Ó tún fi ẹ̀wà wẹ́wẹ́ sáàárín, tí ewé rẹ̀ ṣeé tà lọ́jà. Ìkòkò kan ṣoṣo ń bọ́ irúgbìn mẹ́ta. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìlànà yìí ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Fan kò sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí wọ́n bomi rin bàrà, kò dárúkọ àárọ̀, kò dárúkọ ìrọ̀lẹ́. Inú ìkòkò ló ní kí àgbẹ̀ máa wò, kì í ṣe ojú ilẹ̀. Ẹni tó lè kọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé ìwọ̀n omi tó ń wọlẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn àgbẹ̀ mọ́, pé ìkòkò àti ilẹ̀ ti ń bára wọn ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ìkòkò tí wọ́n fi iná tí kò gbóná jù sun, tí wọ́n kò fi nǹkan dídán bo ara rẹ̀, kún fún ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí. Omi ń gba inú ihò wọ̀nyí yọ sí ẹ̀yìn ìkòkò. Bí ilẹ̀ tó yí i ká bá gbẹ, ilẹ̀ a máa fa omi náà mu kíkankíkan. Bí ó bá ti rin, agbára tó fi ń fà á a dín kù, omi a sì rọra máa jáde. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú ganrínganrín, tí ewé ń lo omi púpọ̀, gbòǹgbò a fa ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ a tún béèrè. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, ìbéèrè a dín kù fúnra rẹ̀. Gbòǹgbò pàápàá a máa wá ara ìkòkò náà kiri, a sì dì mọ́ ọn. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni omi wà, tí òkè ilẹ̀ gbẹ, oòrùn kì í rí omi náà gbé lọ púpọ̀, èpò kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí ibi hù. Ní ọdún 1974, onímọ̀ ará Íńdíà kan, R. C. Mondal, gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde fún àwọn onímọ̀ àgbẹ̀ ayé nínú ìwé ìròyìn World Crops, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìṣọ́wó-omi-ná fún ibi tí omi ti wọ́n.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àmù tí àwọn ìyá wa ń gbé sí kọ̀rọ̀ ilé ń làágùn, òógùn náà ló sì ń mú omi inú rẹ̀ tutù, torí bí omi ṣe ń gbẹ lára àmù ló ń gbé ooru lọ. Ìdí àmù kì í gbẹ. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dada ní Ìlọrin ń sun ìkòkò wọn ní ìta gbangba, láìsí iléru, iná irú èyí kì í sì í gbóná débi tí ihò ara amọ̀ yóò fi dí. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ tó ti ìdílé amọ̀kòkò wá ní àríwá Nàìjíríà, gbé ìkòkò kan sínú òmíràn, ó da iyanrìn tó rin sáàárín wọn, ó sì fi ń tọ́jú ewébẹ̀ àti èso kí wọ́n má baà tètè bàjẹ́. Ẹ̀bùn Rolex tí wọ́n fún un ní ọdún 2000 ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Òógùn àmù yìí kan náà ni ó lò. Ẹnìkan lè wá béèrè pé, bí ìmọ̀ náà bá ti wà nínú ilé wa, kí ló dé tí ìkòkò rírì mọ́lẹ̀ kò fi di ohun tí àgbẹ̀ Yorùbá lókìkí fún? Ojú ọjọ́ ni ìdáhùn mi. Ní apá gúúsù ilẹ̀ wa, òjò ló ń bá àgbẹ̀ bomi rin oko fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, ẹni tó bá sì fẹ́ ewébẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀, níbi tí omi kò ti jìnnà. Ibi tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti ń há àgbẹ̀ mọ́ ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń gbilẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ọ̀pọ̀ wa kò ní àkùrọ̀ kankan nítòsí mọ́. Ilẹ̀ bíńtín lẹ́yìn ilé, tàbí ike tí a kó erùpẹ̀ sí lórí sìmẹ́ńtì, ni a fi ń dá ewébẹ̀ báyìí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ẹ̀rọ kì í sì í yọ déédéé.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ ni pé ìkòkò kì í ṣe ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ènìyàn ló ń pọn omi sínú rẹ̀. Àtakò yìí da nǹkan méjì pọ̀: ẹni tó ń gbé omi wá, àti ẹni tó ń pín in. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bí omi. Èyí tó kún fún wáyà pàápàá, tánkì ló ń fà á láti inú rẹ̀, ẹnìkan ló sì ń rí sí i pé tánkì kún, pé bátìrì ò kú. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ gba iṣẹ́ pípọn omi lọ́wọ́ ènìyàn, ọ̀nà rẹ̀ ti wà kí iná mànàmáná tó dé. Heron ará Alexandria ní Íjíbítì, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìn-ín-ní lẹ́yìn ìbí Kristi, ṣàlàyé àwo wáìnì kan tó ń kún padà bí wọ́n bá ti bù nínú rẹ̀, tó sì ń dá dúró bó bá dé ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ohun kan tó ń léfòó ló ń ṣí ọ̀nà wáìnì, òun náà ló sì ń pa á dé. Ní nǹkan bí ọdún 850, ní Baghdad, àwọn ọmọ Musa mẹ́ta, Muhammad, Ahmad àti Hasan, kọ ìwé tí wọ́n ti ṣàpèjúwe nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ, ohun tó ń léfòó àti fáàfù sì pọ̀ nínú wọn. Ọmọ ìyá àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni bọ́ọ̀lù tó wà nínú tánkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa. Ẹni tó bá fi rọ́bà tín-ínrín so ìkòkò mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dí lẹ́nu pọ̀ mọ́ páànù kékeré kan tó ní irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ kí páànù náà máa gba omi láti inú tánkì ńlá, ti ní ọgbà tó ń dá bomi rin ara rẹ̀ láìsí wáyà kankan. Bọ́ọ̀lù ń ṣọ́ ìkòkò, ìkòkò ń ṣọ́ ilẹ̀.

Àléébù kan wà lára ìkòkò Fan lóòótọ́, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Nígbà tí ìkòkò bá kún, ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ń ti omi jáde díẹ̀díẹ̀, bóyá ilẹ̀ béèrè tàbí kò béèrè. Nínú ilẹ̀ amọ̀, èyí kò tó nǹkan; nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí ara ìkòkò bá tún wá fẹlẹ́ jù, òfò ni. Burton Livingston, onímọ̀ ewéko ará Amẹ́ríkà, ló rí ojútùú èyí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1908. Ohun tó ń wá ni bí ilẹ̀ tó wà nínú ìkòkò òdòdó yóò ṣe máa rin ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, kí àyẹ̀wò tó ń ṣe lára ewéko lè ṣeé gbára lé. Ó ri ife amọ̀ sísun tó dí pa sínú erùpẹ̀, ó pọn omi kún un, ó sì fi ọ̀pá tín-ínrín so ó mọ́ ìgò omi tó wà nísàlẹ̀ ju ife náà lọ. Níwọ̀n bí ìgò ti wà nísàlẹ̀, omi kò lè ti ara rẹ̀ jáde mọ́. Àfi kí ilẹ̀ fà á gòkè. Bí ilẹ̀ kò bá fà, kò sí ẹ̀kán kan tí yóò wọlé. Èyí ni mo kà sí góńgó gbogbo ìtàn yìí: ẹ̀rọ ìbomirin tó jẹ́ pé òùngbẹ ilẹ̀ nìkan ni agbára tó ń gbé e ṣiṣẹ́, amọ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, àwọn onímọ̀ bíi Willard Gardner àti L. A. Richards mú irú ife kan náà, wọ́n sì so ó mọ́ ohun tó ń wọn agbára fífà, kí àgbẹ̀ lè kà á bí òùngbẹ ilẹ̀ ti pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ oko ńlá ló ń lo irinṣẹ́ yìí títí di òní.

Ọ̀nà mìíràn tí ìtàn gbà ni ọ̀nà páìpù àti aago, òun ló sì lókìkí. Simcha Blass, ẹnjiníà omi tí wọ́n bí ní Poland, ṣàkíyèsí ní àwọn ọdún 1930 pé igi kan ga ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nígbà tí kò sí ẹni tó ń bomi rin ín. Páìpù kan ló ń jò kán-ún-kán-ún sí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ike di ohun tó pọ̀, òun àti ọmọ rẹ̀ Yeshayahu ṣe ohun tó mú kí omi gba ọ̀nà gígùn tó lọ́ mọ́ra kó tó jáde, kí agbára rẹ̀ lè dínkù láìjẹ́ pé ihò tó ń gbà jáde kéré débi tí yóò fi máa dí. Ní ọdún 1965, wọ́n bá Kibbutz Hatzerim, abúlé àjùmọ̀ní kan nínú aṣálẹ̀ Negev ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ṣe àdéhùn, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ Netafim ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì ti bọ́ àìmọye ènìyàn. Ìkòkò kò lè ṣe ohun tó ṣe lórí oko òwú tàbí oko tòmátì ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yanjú. Ó yanjú ibi tí omi yóò dé, kò yanjú ìgbà tí yóò dé. Ẹnìkan tàbí nǹkan kan ṣì gbọ́dọ̀ ṣí fáàfù, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń fi sídìí rẹ̀ ni táìmà, aago tí kò mọ òjò, tí kò mọ ọyẹ́. Ẹ̀rí bí aago ṣe jẹ́ afọ́jú tó wà nínú òfin ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Omi ń fọ́n sórí koríko ilé àwọn ènìyàn nígbà tí òjò ń rọ̀, débi pé ìpínlẹ̀ náà fi òfin dè é pé gbogbo ẹ̀rọ tó ń dá bomi rin koríko tí wọ́n bá ṣe láti oṣù karùn-ún ọdún 1991 gbọ́dọ̀ ní ohun tó mọ òjò, tí yóò dá a dúró. Ìkòkò Fan kò nílò irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀, pé sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ilẹ̀ tútù yàtọ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ ti dé, àti pé láti ìgbà tí pátákó Arduino, ọ̀kan nínú irú kọ̀ǹpútà kékeré bẹ́ẹ̀, ti jáde ní Ivrea ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 2005, akẹ́kọ̀ọ́ lásán lè so ó pọ̀ nílé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n baba ńlá sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí ni ohun tí George Bouyoucos àti A. H. Mick gbé jáde ní Michigan ní ọdún 1940: wáyà méjì nínú POP, irú èyí tí a fi ń ṣe àjà ilé. Wọ́n ri POP náà mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rin, òun náà a rin, iná a rí ọ̀nà gbà láàárín wáyà méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀nà a há. Ohun oníhò tíntìntín tó ń bá ilẹ̀ pín omi ni wọ́n tún padà lọ gbé. Sẹ́ńsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó wọ́pọ̀ lọ́jà lónìí kò tilẹ̀ ní ààbò POP. Irin rẹ̀ wà ní ìhòòhò nínú ilẹ̀ tútù, iná tó ń gba ara rẹ̀ kọjá sì ń jẹ ẹ́. Èyí tó sàn jù, tí wọ́n bo irin rẹ̀, kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wáyà sẹ́ńsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì bá já: iná kò rí ọ̀nà gbà, kọ̀ǹpútà a gbà pé ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, pọ́ǹpù a sì máa da omi títí tánkì yóò fi gbẹ. Bí ìkòkò bá kọṣẹ́, ewé a rọ díẹ̀díẹ̀, olóko a rí i, a sì wá bù sí i. Èmi kò bá kọ̀ǹpútà jà. Níbi tí irúgbìn ti pọ̀, tí wọ́n ń po oògùn ajílẹ̀ mọ́ omi, tàbí tí olóko ti jìnnà sí oko tó sì fẹ́ kí ìròyìn máa kàn án lórí fóònù, kò sí ìkòkò tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n fún ìlà tẹ̀tẹ̀, ata àti tòmátì lẹ́yìn ilé, ní ìlú tí iná kì í dúró, ohun tó ń ṣiṣẹ́ láìbéèrè iná ló yẹ kó ṣáájú.

Ìkòkò ní òfin tirẹ̀. Omi ẹlẹ́rẹ̀ àti omi oníyọ̀ a máa dí ihò ara rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n hú u jáde lẹ́yìn ìkórè kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Gbòǹgbò igi ńlá lè fọ́ ọ, torí náà ewébẹ̀ àti igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ló bá a mu. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n jù ni pé ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò wa a máa wọ́n omi èèpo irú sára ìkòkò nígbà tó ṣì gbóná láti inú iná, kí ara rẹ̀ lè dúdú, kó sì má baà jò. Ìkòkò ọbẹ̀ ni ìyẹn wà fún. Ìkòkò ọgbà kò gbọ́dọ̀ ní i lára. Ẹ bá àwọn amọ̀kòkò sọ ọ́ kí wọ́n tó sun ún: ìkòkò ọlọ́rùn tóóró, tó gba lítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò wọ́n nǹkan kan sí lára, pẹ̀lú ìdérí. Kí ẹ tó rì í, ẹ pọn omi sí i, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì; bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń làágùn yí ká láìkán sílẹ̀, ó dára. Ọjà àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń kú láti ìgbà tí ike àti fíríìjì ti gba ipò àmù, a sì ń ra páìpù òkèèrè láti ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn lè ṣe. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, kí wọ́n sì dá ọgbà àyẹ̀wò lé e lórí nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.